Lọ́ọ̀kì sítíárìn há mọ́ mi lọ́wọ́ o, ẹ gbà mí

Ìyá Ìbejì Mọníyà (6:12 àárọ̀)

Ẹ káàárọ̀ o gbogbo ilé. Ẹ má bínú pé mo ń fi ariwo jí yín, inú mọ́tò ni mo wà báyìí, ó ti tó wákàtí kan, mi ò lè lọ síwájú mi ò lè pa dà sẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n gbé mọ́tò ẹnì kan lóru ní àdúgbò wa ni ọkọ mi lọ ra irin pupa gígùn yẹn, èyí tí wọ́n máa ń gbé dábùú sítíárìn, mo sì ti ń lò ó lálaalẹ́ kò yọ mí lẹ́nu. Láàárọ̀ yìí mo ti kọ́kọ́rọ́ bọ̀ ọ́, ó yí dé ìdajì ó dúró. Mo yí i títí ọwọ́ fi ń ro mí. Alájọgbélé wa ní kí n bu òróró sí i, mo bu òróró sí i, ṣe ló tún le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ọmọ àbúrò ọkọ mi ti lọ yá ayùn irin wá, ó ní òun á kàn gé sítíárìn yẹn díẹ̀ kí irin lè yọ. Ọkọ mi wà ní Àbújá, fóònù ẹ̀ ò lọ. Aago mẹ́jọ ni wọ́n ń ti géètì níbi tí mo ti ń ṣe tíṣà, àwọn ìbejì ti wọṣọ tán wọ́n jókòó sẹ́yìn wọ́n ń jẹ búrẹ́dì. Kí ni kí n ṣe?

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta (6:15)

Ẹ gba ayùn lọ́wọ́ ọmọ yẹn! Ẹ kọ́kọ́ gbà á ná, ká tó máa sọ ìyókù.

Ọ̀gá Mẹ́ká (6:19)

Mà, ẹ kú ìdààmú. Ìbéèrè kan ni mo ní, èwo ló há gan-an? Torí lọ́ọ̀kì méjì ló wà níbi sítíárìn, àwọn èèyàn a sì máa pa wọ́n pọ̀ mọ́ra. Èkíní ni irin pupa tẹ́ ẹ rà yẹn. Èkejì bá mọ́tò wá láti ilé tí wọ́n ti ṣe é, ó wà lábẹ́ ike tó bo ọ̀pá sítíárìn. Tẹ́ ẹ bá ti yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò tẹ́ ẹ wá yí sítíárìn díẹ̀, irin kékeré kan á já sínú ihò lára ọ̀pá yẹn, ẹ ó gbọ́ “káà”, ó parí, sítíárìn ò ní lọ mọ́. Kì í ṣe nǹkan tuntun o, láti mọ́dẹ́lì 1969 ni General Motors (GM) ti ń kó o sínú mọ́tò wọn l'Amẹ́ríkà, mọ́tò tòkunbọ̀ tó wà nílẹ̀ wa yìí kò sì wọ́pọ̀ kí ẹ rí èyí tí kò ní in.

Ẹ di sítíárìn mú, ẹ mì ín sọ́tùn-ún mì ín sósì. Ṣé ó ń lọ díẹ̀ àbí ó gan pa? Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gan-an ńkọ́, ṣé ó ń yí?

Ìyá Ìbejì Mọníyà (6:23)

Ó gan pa sà. Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà ò yí! Haa, ṣé méjèèjì ló há ni? Nígbà tí mo ń wọlé mo di irin yẹn mú kí n fi gbé ara mi jókòó torí orúnkún tó ń dùn mí, mo sì gbọ́ “káà” yẹn lóòótọ́, mo rò pé orúnkún ni.

Ọ̀gá Mẹ́ká (6:29)

Ẹ ò rí nǹkan! Ìṣòro méjì ni, ọ̀kan nínú ẹ̀ kì í ṣe ìṣòro rárá. Ẹ fi irin pupa sílẹ̀ ná.

Ti inú mọ́tò, ẹ wo bó ṣe rí. Irin kékeré yẹn ti bọ́ sínú ihò, sítíárìn wá fẹ̀gbẹ́ tì í mọ́ ògiri ihò. Bẹ́ ẹ bá ń yí kọ́kọ́rọ́, irin yẹn lẹ ń sọ pé kó jáde, bẹ́ẹ̀ nǹkan ti fún un mọ́lẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ jáde? Kọ́kọ́rọ́ lẹ ó dá sí méjì lásán. Ẹ ó rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan wà tí sítíárìn ò ní mì rárá, ẹ̀gbẹ́ kejì á mì bíńtín, kò ju bí ìka kan lọ. Ẹ̀gbẹ́ tó mì yẹn ni ká yí i sí. Ẹ fi ọwọ́ òsì yí i síbẹ̀ ẹ dì í mú, kì í ṣe agbára o, ẹ wá fi ọwọ́ ọ̀tún yí kọ́kọ́rọ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń ṣí àpótí aṣọ. Bí kò bá gbà, ẹ máa mì ín lọ mì ín bọ̀ díẹ̀díẹ̀ kí kọ́kọ́rọ́ wà lábẹ́ ọwọ́ yín, ó ní ibì kan tó máa dé tí nǹkan á dẹ̀, ẹ̀yin gan-an á mọ̀ ọ́n lọ́wọ́.

Táyà iwájú ńkọ́? Ṣé kò fara ti nǹkan?

Ará Peckham (6:31)

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án. Ẹ má fi irin pupa yẹn ṣe ohun tẹ́ ẹ fi ń yí sítíárìn o! Ó gùn, ó ń wu èèyàn láti dì í mú kó fi tì í, ṣùgbọ́n gígùn yẹn ló ń sọ agbára kékeré di ńlá, ó lè ṣẹ́ irin kékeré inú ọ̀pá yẹn sínú ihò, ọ̀rọ̀ á wá kúrò ní ti àárọ̀ yìí. Ara rọ́bà sítíárìn gan-an ni kẹ́ ẹ dì mú.

Ìyá Ìbejì Mọníyà (6:34)

Táyà òsì fara ti kọ́ńkéré gọ́tà sà. Àyè kékeré ló wà nínú kọ́ḿpáàǹdù, onímọ́tò kejì ló ń jẹ́ kí n máa sún mọ́ ọn.

Ọ̀gá Mẹ́ká (6:37)

Mo mọ̀. Kọ́ńkéré yẹn ló ń ti táyà, táyà ń ti ọ̀pá, ọ̀pá ń ti irin kékeré. Ẹ sọ fún ọmọ aláyùn yẹn pé iṣẹ́ ti dé fún un. Kó lọ síwájú mọ́tò kó máa mi bónẹ́ẹ̀tì sókè sódò tàbí kó máa ti mọ́tò síwájú sẹ́yìn, díẹ̀ náà ni. Àwọn ìbejì, ẹ kó wọn bọ́ sílẹ̀ ná. Bí mímì ò bá tó, ká fi jáàkì gbé táyà òsì yẹn kúrò nílẹ̀, ẹrù tó wà lórí irin náà á fúyẹ́. Kí ẹ fa handbrake dáadáa o, kẹ́ ẹ sì fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn kí ẹnikẹ́ni tó fi jáàkì gbé nǹkan kan.

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta (6:40)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni. Èmi ní tèmi, táyà tí wọ́n yí gbá kọ́ńkéré ló ń fa ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Mo ti ń wa dánfó tipẹ́, bí mo bá páàkì tán mo máa ń to táyà tààrà kí n tó yọ kọ́kọ́rọ́, ìyẹn bí dánfó náà bá ní kọ́kọ́rọ́ (ẹ má rẹ́rìn-ín, èyí tí mo kọ́kọ́ wà, wáyà méjì la fi ń sítáàtì ẹ̀, lọ́ọ̀kì kankan ò há rí níbẹ̀).

Ìyá Ìbejì Mọníyà (6:52)

Ó ṢÍ O! Ọmọ yẹn ń mi bónẹ́ẹ̀tì, mo ń mi sítíárìn, kọ́kọ́rọ́ kàn yí “fẹ́rẹ́” bí ẹni pé kò ṣe nǹkan kan rí! Mọ́tò ti sítáàtì. Ọ̀gá Mẹ́ká, Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín. Ó ku irin pupa.

Ọmọ Ládípọ̀ (6:55)

Mummy ẹ kú oríire. Ní ti irin yẹn, ọ̀rọ̀ kúkurú ni mo ní, ọmọ aláyùn yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ purọ́. Rọ́bà àti irin fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló wà lára sítíárìn, ayùn á já a láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, irin á yọ, ẹ ó wá ra sítíárìn tòkunbọ̀ mìíràn. Ó kún ọjà páàtì mọ́tò Ládípọ̀ níbí, ẹ tiẹ̀ lè rí i ní Àràrómì Àgódì Gate lọ́dọ̀ yín n'Íbàdàn níbẹ̀.

Wẹ́dà Ọwọ́dẹ (6:58)

Ọmọ Ládípọ̀, ọjà lo fẹ́ tà! Ohun táwọn olè ń ṣe gan-an lo ní kí ìyá yìí fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe fún mọ́tò ara ẹ̀. Olè kì í bá irin pupa jà, sítíárìn ni wọ́n ń gé. Airbag tó wà láàárín ibẹ̀ ńkọ́, àpò atẹ́gùn tó ń fọ́n jáde gba àyà dírẹ́bà bí mọ́tò bá forí sọ nǹkan? Sítíárìn tòkunbọ̀ tó wá láti inú mọ́tò tó ti forí sọ nǹkan rí, ṣé o mọ̀ bóyá airbag rẹ̀ ti fọ́n lọ? Mi ò ní gbé mọ́tò tí mo ń fi gbé ìbejì jáde lórí ìyẹn láé.

Ọmọ Ládípọ̀ (7:00)

Ẹ̀gbọ́n ẹ má bínú. Mo rò pé aago mẹ́jọ ni wọ́n ń lé ni.

Ará Peckham (7:02)

Ní ti airbag yẹn, ẹ jẹ́ ká tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ má fi hámà tàbí òkúta gbá irin yẹn nígbà tó bá wà lára sítíárìn. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní “ẹ gbá a lẹ́ẹ̀mejì, á jí”. Lára géètì, bẹ́ẹ̀ ni. Lára sítíárìn, bọ́ǹbù kékeré ló wà ní ìdojú kọ àyà yín níbẹ̀.

Ìyá Ìbejì, báwo ni kọ́kọ́rọ́ irin yẹn ṣe rí? Pẹlẹbẹ ni, àbí róbótó oníhò láàárín? Ṣé méjì bá a wá? Ẹ gbé èyí tó wà lọ́wọ́ yín sórí nǹkan tó tẹ́jú, ẹ wò ó bóyá ó ti tẹ̀.

Ìyá Ìbejì Mọníyà (7:06)

Pẹlẹbẹ ni, ó ní ihò tíntìntín lójú méjèèjì. Méjì ló bá a wá lóòótọ́, ọkọ mi ló mọ ibi tó kó èkejì sí. Mo ti tú dúrọ́ọ̀ tú àpótí. Èyí tó wà lọ́wọ́ mi tẹ̀ díẹ̀, ṣé kí n tò ó kó tọ́?

Ọ̀gá Mẹ́ká (7:09)

Ẹ má tò ó. Kọ́kọ́rọ́ tó bá ti tẹ̀ tí wọ́n tún tò, ibi tó ti tẹ̀ yẹn ló máa ti ṣẹ́, ìdajì á sì wà nínú ihò. Ẹ fi í sílẹ̀ bó ṣe wà. Ohun tá a bá fi ẹ̀sọ̀ mú... ẹ mọ ìyókù.

Òróró ni ká kọ́kọ́ lé jáde. Òróró oúnjẹ kì í ṣe òróró lọ́ọ̀kì, lónìí ó ń yọ̀, tó bá pẹ́ á di bí oje igi, á máa gba eruku mọ́ra, eruku ọyẹ́ tá a jẹ láti oṣù méjì kọjá pẹ̀lú òróró, àmàlà ló dì nínú lọ́ọ̀kì yẹn. Áńjìn ọ́ọ̀lì náà, bákan náà ni. Ẹ wá ẹni tó ní WD-40 ládùúgbò, nǹkan inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sí irin tó bá há, mẹkáníìkì kan ò lè ṣàìní in, ẹ fi ọ̀pá kékeré ẹnu rẹ̀ sínú ihò kọ́kọ́rọ́, ẹ fọ́n ọn kó máa ṣàn jáde, ẹ fi àkísà nu ún, ẹ tún fọ́n ọn. Ẹ ó rí ìdọ̀tí dúdú tó máa bá a jáde. Kí ẹ tẹ́ àkísà sábẹ́ rẹ̀ kó má ba aṣọ iṣẹ́ yín jẹ́.

Alájọgbé Kan (7:11)

Bí kò bá sí WD-40, ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ fọ̀ ọ́, òun náà ń lé òróró.

Wẹ́dà Ọwọ́dẹ (7:12)

Bẹntiróòlù nínú mọ́tò tí áńjìn ẹ̀ ń ṣiṣẹ́? Ọ̀gbẹ́ni, lọ sùn.

Ará Houston (7:15)

Mo ń gbádùn yín níbí, òru la wà. Ẹ jẹ́ kí n fi ti wa kún un. Níbí, irin yìí ti di nǹkan àtijọ́ kó tó tún pa dà wá, ọ̀pọ̀ Hyundai àti Kia tí wọn ò fi immobiliser sí nígbà yẹn (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí áńjìn ṣiṣẹ́ bí kì í bá ṣe kọ́kọ́rọ́ mọ́tò gan-an) làwọn ọmọdé ń gbé kiri tí wọ́n ń ya fídíò rẹ̀, ó di pé lọ́dún 2023 àwọn ọlọ́pàá ní ọ̀pọ̀ ìlú ń pín irin sítíárìn lọ́fẹ̀ẹ́. Tèmi náà, ọ̀fẹ́ ni. Ó há mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣá o, ìgbà òtútù tí omi inú rẹ̀ dì. Fáyà láítà ni mo fi gbóná kọ́kọ́rọ́ náà níta, mo tì í bọ̀ ọ́, mo dúró ìṣẹ́jú kan, mo tún un ṣe. Omi gbígbóná ni aládùúgbò mi fẹ́ dà sí i, mo kọ̀, torí omi yẹn náà á tún dì, á pọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ìyẹn ò kan Mọníyà, mo mọ̀, ẹni tó wà níbi tó tutù ló wà fún.

Ìyá Ìbejì Mọníyà (7:24)

Mẹkáníìkì òpópónà wa ti ń jí, ó yá mi ní WD-40. Mo ti fọ́n ọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìdọ̀tí tó jáde ń rùn bí dòdò tó jóná! Kọ́kọ́rọ́ ti ń wọlé já gaara báyìí ṣùgbọ́n kò tíì yí dé òpin.

Ará Peckham (7:27)

Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Ẹ gbọ́, eyín wà lára ọ̀pá inú irin yẹn bíi ti ayùn, ìyẹn ló ń dún “kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́” nígbà tẹ́ ẹ bá ń fà á gùn lálẹ́. Ahọ́n irin kan ló ń há mọ́ eyín yẹn tí kì í jẹ́ kó kúrú mọ́. Bẹ́ ẹ bá ti fà á le koko, rọ́bà sítíárìn á máa ti ìkọ́ méjèèjì sínú, ahọ́n á fún mọ́ eyín, kọ́kọ́rọ́ ò ní lágbára láti yọ ọ́. Ohun tí gbogbo èèyàn ń ṣe ni pé wọ́n ń ti irin náà pọ̀ kó lè kúrú bí wọ́n ṣe ń yí kọ́kọ́rọ́. Òdì kejì ni kẹ́ ẹ ṣe! Ẹ fà á síta díẹ̀ sí i, bí ẹni tó fẹ́ tún un tì, kí ahọ́n yẹn lè dẹ̀, kẹ́ ẹ wá yí kọ́kọ́rọ́, bó bá yí tán ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tì í pọ̀.

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta (7:29)

Tèmi ní tì ló gbọ́, kì í ṣe fà.

Ará Peckham (7:30)

Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ irú èyí tí ìkọ́ rẹ̀ ń di sítíárìn mú láti ìta ni tiyín. Ìyẹn, ẹ ó tì í. Tìyá yìí, inú ni ìkọ́ ti ń tì síta, àbí irọ́ ni mà?

Ìyá Ìbejì Mọníyà (7:31)

Inú ni.

Tíṣà Abẹ́òkúta (7:33)

Àwọn ìbejì ti ń lọ sílé ìwé àbí? Wọ́n ní pẹ́ńsùlù nínú báàgì. Ẹ fi pẹ́ńsùlù dúdú kun ojú kọ́kọ́rọ́ yẹn, tẹ̀gbẹ́tẹ̀gbẹ́, títí tó fi ń dán dúdú, kẹ́ ẹ tó tì í wọlé. Dúdú inú pẹ́ńsùlù yẹn, graphite ni, ohun kan náà tí àwọn agékọ́kọ́rọ́ ń tà nínú ike kékeré fún lọ́ọ̀kì. Ó ń yọ̀ láìjẹ́ òróró, eruku ò lè lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kàn jẹ́ kí WD-40 gbẹ díẹ̀ ná kó má baà di ẹrẹ̀.

Wẹ́dà Ọwọ́dẹ (7:38)

Kí n sọ ti ibi tó bá le dé, bóyá ti ìyá ṣí ná bóyá kò ṣí, torí ẹlòmíì á kà á lọ́la. Bí gbogbo èyí bá kọ̀, agékọ́kọ́rọ́ gidi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, òun á fi dírílù gbẹ́ ojú lọ́ọ̀kì yẹn, á bẹ̀rẹ̀ láti kékeré á máa lọ sí ńlá, gbogbo inú rẹ̀ á dà sílẹ̀, sítíárìn ò sì ní fara gba nǹkan kan. Wẹ́dà ló kàn lẹ́yìn ìyẹn, irin náà la ó gé o, kì í ṣe sítíárìn, ibi tó jìnnà jù sí àárín sítíárìn la ó sì ti gé e. Kí iná filing machine tó kan án, mo máa ń yọ ẹnu bátìrì, mo máa ń dúró díẹ̀ kí iná inú airbag lọ ná, mo máa ń fi àpò rírin bo síìtì àti dáṣíbọ́ọ̀dù àti gíláàsì iwájú pàápàá. Àwọn ẹ̀ta iná yẹn, bó bá ba gíláàsì ó máa ń lẹ̀ mọ́ ọn, ojú gíláàsì á rí bíi pé ṣànpọ̀nná bá a jà, ko sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ nu ún. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi àti iyanrìn á wà ní ìtòsí.

Nǹkan mìíràn tẹ́ ẹ máa rò pé àwàdà ni, kí ẹ tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀rọ gé nǹkan nínú mọ́tò láàárọ̀ kùtù, ẹ sọ fún lánlọ́ọ̀dù, ẹ sọ fún ọlọ́dẹ, ẹ mú pépà mọ́tò lọ́wọ́. Wọ́n ti ké “olè!” lé mi lórí rí ní Ìkòròdú nígbà tí onímọ́tò gan-an wọlé lọ bu omi mu. Bí ọlọ́dẹ ò bá mọ̀ mí ni, èmi kọ́ ni mò ń kọ èyí.

Ìyá Ìbejì Mọníyà (7:49)

Ẹ̀YIN ÈÈYÀN MI. Pẹ́ńsùlù Kẹ́hìndé ni! Mo kùn ún, mo fa irin síta bí Ará Peckham ṣe wí, kọ́kọ́rọ́ yí, irin jáde. Mo jù ú sí ìsàlẹ̀ mọ́tò, ń ò fẹ́ rí i. Mò ń lọ, màá sọ̀rọ̀ lálẹ́. Ẹ ṣeun ṣeun ṣeun.

Ọ̀gá Mẹ́ká (7:51)

Ẹ rọra wa mọ́tò. Ọ̀nà Òjóò yẹn, ẹ má torí géètì sáré o.

Ọmọ Tuntun Níbí (10:20)

Ẹ kú iṣẹ́ ẹ̀yin àgbà. Mọ́tò tèmi ò ní kọ́kọ́rọ́, bọ́tìnì ni mo ń tẹ̀. Ó máa ń ṣe mí báyìí nígbà mìíràn, ó máa ń kọ ọ̀rọ̀ lójú dáṣíbọ́ọ̀dù pé kí n yí sítíárìn. Ṣé ó ti ń bàjẹ́ ni?

Rẹ́wáyà Òṣogbo (10:41)

Kò tíì bàjẹ́. Iṣẹ́ kan náà ni, irin kan náà, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kékeré oníná ló ń tì í wọlé tó ń fà á jáde dípò ọwọ́ yín. Nígbà tó bá kọ ọ̀rọ̀ yẹn, ẹ tẹ bíréèkì, ẹ máa mi sítíárìn sọ́tùn-ún sósì bẹ́ ẹ ṣe ń tẹ bọ́tìnì, á jáde. Bó bá wá di ojoojúmọ́, bátìrì ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fura sí. Bátìrì tó kún, ẹ̀rọ tá a fi ń wọn iná máa ń ka bíi 12.6 volt nígbà tí áńjìn ò bá ṣiṣẹ́, tó bá ti ń bọ̀ ní 12 tàbí kó wálẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, iná inú mọ́tò lè tàn, rédíò lè kọrin, kí ó má sì lágbára láti fa irin yẹn. Mo ti rí àwọn tó ti fẹ́ tú gbogbo ọ̀pá sítíárìn, bátìrì ló ń dà wọ́n láàmú. Rìmóòtù ọwọ́ yín náà ní bátìrì róbótó, CR2032 ló wà nínú ọ̀pọ̀. Bó bá ti kú, ẹ gbé rìmóòtù náà kan bọ́tìnì gan-an kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò á gbà.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fún yín ní ìmọ̀ràn pé kẹ́ ẹ já wáyà lọ́ọ̀kì yẹn kúrò. Tó bá ṣèèṣì tì nígbà tẹ́ ẹ wà lójú ọ̀nà, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́.

Dírẹ́bà Ọ̀jọ́ta (11:05)

Inú mi dùn pé ẹ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ ojú ọ̀nà yìí torí ó ní àwọn dírẹ́bà kan tí wọ́n bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, wọ́n á fi gíà sí fìríì, wọ́n á pa áńjìn kí wọ́n lè jẹ epo díẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣe é, kọ́kọ́rọ́ tẹ́ ẹ yí sẹ́yìn yẹn, bẹ́ ẹ bá ṣèèṣì yọ ọ́, ẹ yí sítíárìn lẹ́ẹ̀kan péré, “káà”, gọ́tà ló kù. Ká tiẹ̀ ní sítíárìn ò tì, bíréèkì á le bí òkúta torí áńjìn tó ń ràn án lọ́wọ́ ti kú. Bákan náà ni bí wọ́n bá ń fi okùn fa mọ́tò yín, ẹ jẹ́ kí kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀ kó sì yí dé ibi tí sítíárìn ti ń lọ, mo ti rí mọ́tò tí wọ́n ń fà ní Ìkẹjà tó lọ tààrà nígbà tí èyí tó ń fà á yà.

Tíṣà Abẹ́òkúta (1:30 ọ̀sán)

Kí n tó gbàgbé, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ bá ṣẹ́ sínú ihò, ẹ má fi súpà gúlúù lẹ̀ ẹ́ kẹ́ ẹ tì í wọlé pé ẹ fẹ́ fà á jáde. Wọ́n fi fídíò rẹ̀ hàn mí, àbúrò mi náà ṣe bẹ́ẹ̀, gúlúù dá lọ́ọ̀kì náà pọ̀ di òkúta kan ṣoṣo.

Agékọ́kọ́rọ́ (2:12)

Òótọ́ ni. Ẹ sì jọ̀ọ́, ẹ dín ìdì kọ́kọ́rọ́ yín kù, èmi ni mò ń bẹ̀ yín. Kọ́kọ́rọ́ ilé, ti ṣọ́ọ̀bù, ti ṣọ́ọ̀ṣì, agogo kékeré, àwòrán bàbá ìjọ, gbogbo rẹ̀ so mọ́ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò, ó ń fì nígbà gbogbo tẹ́ ẹ bá bọ́ sínú kòtò, ó ń jẹ inú ihò lọ díẹ̀díẹ̀. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gé ẹ̀dà, ẹ mú kọ́kọ́rọ́ tó kọ́kọ́ bá mọ́tò wá dání, ẹ̀dà tí a gé lára ẹ̀dà tí a gé lára ẹ̀dà, ó ti di àròsọ. Bí ti àkọ́kọ́ bá ti sọnù, àwa kan wà tó lè gé e láti inú nọ́ńbà ara mọ́tò, ó gba owó àti ìwé ẹ̀rí pé ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ìyá Ìbejì Mọníyà (8:47 alẹ́)

Mo ti dé. Ìṣẹ́jú mẹ́rìnlá ni mo fi pẹ́, ọ̀gá wa ní kí n kọ lẹ́tà, mo kọ ọ́, mo fi fọ́tò irin náà sí i. Mo ti fi pẹ́ńsùlù kun kọ́kọ́rọ́ mọ́tò náà, mo páàkì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, táyà wà tààrà.

Fóònù ọkọ mi wá lọ nírọ̀lẹ́. Mo bi í pé níbo ló kó kọ́kọ́rọ́ irin kejì sí. Ó ní inú pigeonhole ni, láti ọjọ́ tó ti rà á.

Wẹ́dà Ọwọ́dẹ (8:50)

Pigeonhole mọ́tò wo?

Ìyá Ìbejì Mọníyà (8:52)

Mọ́tò yẹn náà. Orúnkún mi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kàn án ní gbogbo ìgbà tí mò ń sunkún. Ó wà nínú láílọ́ọ̀nù, kò tẹ̀, kò dọ̀tí.